Ọrọ́ ni àbí kátọ́ọ̀sì? Àlàyé lórí igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín

Bí ẹ bá gba Ìbarà kọjá lọ sí Òkè-Ìlewó ní Abẹ́òkúta, tàbí tí ẹ yà sí àwọn àdúgbò tuntun tó ń yọ jáde lápá Ọ̀bàntókò, ẹ ó rí igi kan nínú ìkòkò sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ọ̀pọ̀ ilé. Igi náà nípọn, àwọ̀ ewé ni gbogbo ara rẹ̀, ó ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ̀gún sì tò sí etí àwọn igun náà ní méjì-méjì. Ẹ bi onílé, á ní kátọ́ọ̀sì ni. Ẹ bi ẹni tó tà á fún un lẹ́bàá títì, kátọ́ọ̀sì lòun náà á pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe kátọ́ọ̀sì. Ọrọ́ ni, ọ̀kan nínú ìdílé ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Euphorbia, kò sì bá kátọ́ọ̀sì tan níbì kankan.

Kí ló wá kan ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà òun dùn-ún wò? Ó kàn án, nítorí ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹ gé kátọ́ọ̀sì, omi ló sábà máa ń sun jáde. Ẹ gé ọrọ́, oje funfun á tú jáde, oje yẹn sì lè ba ojú èèyàn jẹ́. Ẹ̀gún tí gbogbo wa ń yẹra fún kọ́ ni wàhálà igi yìí. Ẹ̀gún gún yín, ẹ yọ ọ́, ó tán. Oje ni ká ṣọ́ra fún, ẹni tó bá sì rò pé kátọ́ọ̀sì lòun ń gé kò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká ti orí kátọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gba orúkọ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹbí ńlá ni, irú rẹ̀ ju 1,500 lọ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni orírun wọn, láti Kánádà lókè lọ́hùn-ún títí dé ìsàlẹ̀ Ajẹntínà. Èyí tó na apá méjì sókè nínú àwọn àwòrán kéékèèké orí fóònù yín, saguaro ni wọ́n ń pè é. Aṣálẹ̀ Sonora, tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Arizona àti àríwá Mẹ́síkò, ni ilé rẹ̀. Ó máa ń ga ju mítà 12 lọ, ó lè lo ọdún 150, ó sì sábà máa ń tó ọdún 50 sí 75 kó tó yọ apá àkọ́kọ́. Igi tó bá ti ń yọ apá lọ́dún kejì tí ẹ gbìn ín síwájú ilé kì í ṣe saguaro, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún yín sọ.

Ọrọ́ ní tiẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lẹ́gùn-ún nínú wọn ti ṣẹ̀. Ìdílé Euphorbia wà lára àwọn ìdílé tó tóbi jù lọ láàárín gbogbo ewéko tó ń yọ òdòdó; irú rẹ̀ tó 2,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló nípọn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lẹ́gùn-ún. Koríko kékeré tó ń rá nílẹ̀ létí ọ̀nà, tí àwọn elewé ọmọ ń pè ní ẹmí ilẹ̀, Euphorbia ni. Òdòdó pupa tí àwọn èèyàn máa ń tò sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésì, Euphorbia ni, láti Mẹ́síkò. Èyí tó kúrú, tí ẹ̀gún bo igi rẹ̀ ṣúṣú, tó sì máa ń yọ òdòdó pupa wẹ́wẹ́ yíká ọdún, tí wọ́n máa ń gbìn yí ọgbà ilé ìjọsìn ká, láti Madagásíkà ni; Euphorbia milii ni orúkọ rẹ̀. Ti ẹnu géètì tí mo kọ́kọ́ sọ, tó bá ní ewé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Euphorbia trigona, tó ti àárín gbùngbùn Áfíríkà wá. Àwọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tún wà, bíi Euphorbia kamerunica àti Euphorbia poissonii. Irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn àgbà ń pè ní ọrọ́ agogo àti ọrọ́ adẹ́tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ kátọ́ọ̀sì rí.

Bí a bá tún wo òkè ìdílé yìí, a ó dé orí ẹbí tó gbòòrò jù ú lọ, ibẹ̀ la ó sì ti pàdé àwọn ará ilé wa. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Lápálápá wà níbẹ̀, lárà wà níbẹ̀, igi rọ́bà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀gẹ́ rí, tàbí tó já ewé lápálápá, mọ oje tó máa ń rin síni lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ ń jẹ láfún láràárọ̀, ìbátan ọrọ́ lẹ̀ ń jẹ o. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù: ẹ̀gẹ́ náà ní oró tiẹ̀, òun ló fà á tí a fi ń rẹ ẹ́ kí a tó sá a.

Báwo wá ni ẹbí ẹ̀gẹ́ àti ẹbí kátọ́ọ̀sì ṣe jọra tó bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ti sọ pé àdán kò ṣe eku, kò sì ṣe ẹyẹ. Àdán ní ìyẹ́, ó ń fò, àmọ́ ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹyẹ ló ti jogún ìyẹ́. Fífò tó fẹ́ fò ló sọ apá rẹ̀ di ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewéko méjì yìí. Ìṣòro kan náà ló dojú kọ wọn ní ilẹ̀ méjì tí òkun pín níyà, ọ̀nà àbáyọ kan náà ni wọ́n sì rí sí i láìgba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ara wọn.

Ìṣòro náà ni omi. Ewé ni ewéko fi ń ṣe oúnjẹ, ewé yìí náà ló sì ń fi omi ṣòfò jù, torí ó fẹjú, oòrùn sì ń pa á. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ewé fífẹ̀ á pa ẹni tó ni ín. Àwọn méjèèjì bá jáwọ́ nínú ewé, wọ́n gbé iṣẹ́ ewé fún igi, igi bá di àwọ̀ ewé. Inú igi náà sì di ibi ìpamọ́ omi. Ara rẹ̀ ṣẹ́ bíi pílíìtì yẹ̀rì: òjò dé, ó fẹ̀, ọ̀dá dé, ó kó ara jọ, láìya. Ẹranko tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì ní í ṣàì rí irú omi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Kátọ́ọ̀sì fi ẹ̀gún ṣọ́ tiẹ̀. Ọrọ́ fi ẹ̀gún ṣọ́ tiẹ̀, ó tún fi májèlé kún un.

Ohun kan tún wà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, tó sì yà mí lẹ́nu ju ẹ̀gún lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko ló ní ihò tíntìntín lára tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ònù wọlé. Ọ̀pọ̀ ewéko, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí i, torí ọ̀sán ni oòrùn wà fún oúnjẹ ṣíṣe. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ṣí lọ́sàn-án, omi á gba ibẹ̀ fò lọ. Kátọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọrọ́ tó nípọn máa ń ti ihò wọn pa lọ́sàn-án, wọ́n á ṣí i lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Wọ́n á fa kábọ́ònù, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, tí oòrùn bá wá yọ wọ́n á fi ṣe oúnjẹ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àbámodá tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí i: ní Íńdíà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne tọ́ ewé àbámodá wò láàárọ̀, ó kan, ó tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kò ní ìtọ́wò kan pàtó, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń korò díẹ̀. Ọdún 1815 ni wọ́n tẹ lẹ́tà tó kọ nípa rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dán ìtọ́wò wò lè mú àbámodá. Ẹ má tọ́ ọrọ́ wò láé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kátọ́ọ̀sì kò fi sí ní ilẹ̀ wa látijọ́, nígbà tó jẹ́ pé aṣálẹ̀ Sàhárà wà lókè wa níbí. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti lẹ̀ mọ́ra rí. Ó ti tó 100 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti pínyà, tí òkun Àtìláńtíìkì gba àárín wọn. Kátọ́ọ̀sì kò sì ju nǹkan bíi 30 sí 35 mílíọ̀nù ọdún lọ. Nígbà tó fi máa dé ayé, ọ̀nà ti dí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí ọ̀nà gbà: Rhipsalis baccifera, tó máa ń so rọ̀ lórí igi nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò lẹ́gùn-ún tó ṣe é bẹ̀rù, kò gbé aṣálẹ̀, ẹ lè rí i kí ẹ rò pé àfòmọ́ ni. Èso rẹ̀ funfun, kóró rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bíi ti àfòmọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ẹyẹ ló gbé e kọjá òkun. Àwọn kátọ́ọ̀sì tó kù, ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí àti Sípéènì ló gbé wọn wá lẹ́yìn ọdún 1492. Àwọn òyìnbó yìí náà ló gbé ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ ìbátan ọrọ́, Amẹ́ríkà ló ti wá pẹ̀lú kátọ́ọ̀sì, nígbà tí ọrọ́ tí à ń pè ní kátọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.

Ó ku bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹ wò bóyá oje funfun á jáde. Ó dáa, àmọ́ èmi kì í fi ìyẹn ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ẹ̀gún. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Lára kátọ́ọ̀sì, ẹ ó rí ojú kékeré kan tó rí ribiti, irun múlọ́múlọ́ funfun tàbí pupa rúsúrúsú ló bo ojú náà, inú irun yẹn sì ni ẹ̀gún ti ń jáde, ó lè jẹ́ márùn-ún, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì gba ọ̀nà oríṣiríṣi lọ. Kò sí kátọ́ọ̀sì tí kò ní ojú yìí. Kódà Rhipsalis tí ò lẹ́gùn-ún ní i. Òun gan-an ni àmì ẹbí wọn. Lára ọrọ́, ẹ ò ní rí irun. Ohun tí ẹ ó rí ni àmì líle kan, ó sábà máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ eérú, ẹ̀gún méjì á sì ti ibẹ̀ yọ bíi ìwo ẹran, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ̀gún wọn, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní, àmọ́ ojú onírun yẹn kò ní sí níbẹ̀ láéláé.

Bó bá yọ òdòdó, ó tún rọrùn. Òdòdó kátọ́ọ̀sì máa ń tóbi, ó máa ń tàn, ewé òdòdó rẹ̀ á pọ̀, àárín rẹ̀ á kún fún okùn wẹ́wẹ́ tó ní ìyẹ̀fun lórí. Ti ọrọ́ kéré, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé òdòdó ni. Èso kátọ́ọ̀sì rọ̀, ó sábà máa ń lómi nínú. Èso ọrọ́ ní yàrá mẹ́ta, kóró kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá gbẹ tán á bẹ́ tàù, á ta kóró rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá ti fọ́ èso lárà rí ti mọ bó ṣe rí.

Oje ló kẹ́yìn, torí òun ló lè ṣeni léṣe. Ọ̀pọ̀ kátọ́ọ̀sì, omi tó mọ́ tàbí tó ń yọ̀ bí ilá ló ń jáde lára wọn. Díẹ̀ nínú wọn ní oje funfun, nítorí náà ẹ má fi oje nìkan ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Euphorbia ló ní oje funfun, kì í sì í pẹ́ jáde: ẹ ò tíì gé e tán tó fi ń kán.

Kí ló wà nínú oje yẹn? Ó yàtọ̀ láti irú kan sí òmíràn. Ti òdòdó Kérésì kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Ti Euphorbia poissonii, tó ń hù fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ resiniferatoxin, òun náà ló wà nínú Euphorbia resinifera ti orí òkè Atlas ní Mòrókò. Ohun tó ń mú kí ata rodo ta ni capsaicin. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ata ṣe ń ta, capsaicin ògidì jẹ́ mílíọ̀nù 16. Resiniferatoxin jẹ́ bílíọ̀nù 16. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn, ibì kan náà lára iṣan wa sì ni àwọn méjèèjì ń kàn mọ́, ẹnu ọ̀nà tí ara fi ń mọ ooru. David Julius, tó rí ẹnu ọ̀nà náà nípasẹ̀ capsaicin, wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn lọ́dún 2021. Nítorí pé resiniferatoxin lè pa ẹnu iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, àwọn onímọ̀ ń dán an wò bí oògùn ìrora fún àwọn tí jẹjẹrẹ tàbí oríkèé ríro ń dà láàmú. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ agbára oje yìí. Ọba Juba Kejì, tó jọba ní Mauretania ní apá ibi tó di Mòrókò àti Àlùjéríà lónìí, ló fi orúkọ dókítà rẹ̀, Euphorbus, sọ ewéko òkè Atlas yẹn. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, wá fi orúkọ náà pe gbogbo ìdílé lọ́dún 1753. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ọdẹ máa ń fi oje ọrọ́ kún oró ẹnu ọfà, àwọn apẹja sì máa ń fi kun ẹja lóorun nínú odò. Ní orí òkè Jos, àwọn Berom fi ọrọ́ ṣe odi: wọ́n gbìn ín yí agbo ilé àti oko ká débi tí àwọn agẹṣin tó ń kó èèyàn lẹ́rú kò fi lè gbà á kọjá. Àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn, amọ̀ ni wọ́n fi mọ odi yí Abẹ́òkúta ká, ẹ̀yìn odi yẹn ni wọ́n sì dúró sí nígbà tí Dàhọ̀mì gbógun wá lọ́dún 1851 àti 1864. Àpáta Olúmọ ló sábà máa ń gba ìyìn, odi ni mo rò pé ó ṣe iṣẹ́ jù.

Oje ọrọ́ yìí lè wúlò fún Ìpínlẹ̀ Ògùn wa gan-an. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán láti fi ṣe adágún omi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àtọ̀sí ajá ti ń bá àwọn abúlé tó wà létí omi náà fínra. Ìgbín inú omi ló ń gbé kòkòrò àìsàn náà. Ní Bràsíl, àwọn onímọ̀ rí i pé oje Euphorbia milii, ẹlẹ́gùn-ún olódòdó pupa yẹn, tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi púpọ̀, ń pa irú ìgbín bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ da oje sódò. Ó ń pa ẹja náà tó bá pọ̀ jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi tó kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lójú wa, iṣẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ojú, torí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan á gé ẹ̀ka ọrọ́, oje á ta sí i lọ́wọ́, kò ní kà á sí, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ yẹn nu òógùn ojú. Tàbí kó gé e lókè orí, kí oje kán sójú tààrà. Ìgbà mìíràn ojú á ta lójú ẹsẹ̀. Ìgbà mìíràn ó lè tó wákàtí díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú wá wú, kó pọ́n, kí èèyàn má lè wo iná. Ó tún máa ń le sí i lọ́jọ́ kejì, èyí tó ń mú kí àwọn kan rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe níbi omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan ojú, lójú ẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ la ojú náà sílẹ̀ kí omi lè wọ abẹ́ ìpéǹpéjú. Kí ẹ wá lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú ẹ̀ka igi náà tàbí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, kó lè mọ ohun tó ń wò. Ẹ má fi omi ọmú sí i, ẹ má fi ìtọ̀ sí i, ẹ má fi omi ṣúgà sí i, ẹ má sì lọ ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì láìgba ìwé. Ẹni tó bá tètè gba ìtọ́jú, ojú rẹ̀ sábà máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó bá fi falẹ̀ lè pàdánù ojú. Bó bá jẹ́ ara ló ta sí, ọṣẹ àti omi ni, torí omi nìkan kì í ṣí oje tó ń lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí fíìmù tàn yín pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè gé igi aṣálẹ̀ kó mu omi inú rẹ̀. Omi inú ọ̀pọ̀ kátọ́ọ̀sì kan, ó korò, ó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ti ọrọ́, ikú ni ẹ ń wá.

Kátọ́ọ̀sì gidi náà ní wàhálà tiẹ̀, pàápàá èyí tó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí ọ̀kan ń hù lórí èkejì. Opuntia nìyẹn, òun ló wà lórí àsíá Mẹ́síkò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ idì. Ẹ̀gún ńlá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Irun tíntìntín tó yí ìdí ẹ̀gún náà ká ló ń dani láàmú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ á wọ ìka lẹ́ẹ̀kan, ojú ò ní rí i, ọwọ́ á máa rà yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn kí ẹ sì fà á, á bá a wá. Wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ ní Mẹ́síkò, wọ́n sì ń jẹ ara rẹ̀ bí ẹ̀fọ́. Àmọ́ ẹ má gbìn ín sínú ilẹ̀ gbalasa kí ẹ fi sílẹ̀. Ní Ọsirélíà, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1920, ó ti gba ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà. Ọ̀bẹ ò ran an, iná ò ran an, májèlé ò ran an. Kòkòrò kékeré kan láti Ajẹntínà, Cactoblastis, tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́dún 1926, ló jẹ ẹ́ run láàárín ọdún mélòó kan. Àwọn àgbẹ̀ Boonarga ní Queensland fi orúkọ kòkòrò náà sọ gbọ̀ngàn ìlú wọn.

Kátọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ràn jù fún ilé ní Abẹ́òkúta ni èyí tó ń so èso aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń tà lówó gegere ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì, tí inú rẹ̀ funfun pẹ̀lú kóró dúdú wínníwínní, tí wọ́n ń pè ní dragon fruit. Kátọ́ọ̀sì ni, igbó olóoru ló ti wá, kì í ṣe aṣálẹ̀, nítorí náà òjò wa kò pa á lára. Alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, ó máa ń rọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyẹn gbé wa dé orí òjò, èyí tó ń pa ọrọ́ àti kátọ́ọ̀sì ju ọ̀dá lọ níhìn-ín. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni omi ń dà lé wọn lórí, bí ìkòkò kò bá nihò nísàlẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà. Ìdí igi á rọ̀, á dúdú, tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á wọlé. Kò sí oògùn rẹ̀ nígbà náà ju pé kí ẹ gé òkè tó ṣì le, kí ẹ tún un gbìn. Yanrìn odò oníhóró, ìdá kan, sí ilẹ̀ lásán, ìdá kan, ló bá wọn lára mu. Nígbà ọyẹ́, omi lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Nígbà òjò, ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn ti ń ta dé, kí ẹ má bomi rin ín rárá.

Bó bá di gígé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti aṣọ alápá gígùn, ẹ fi dígí bo ojú. Ẹ má gé ohun tó ga ju èjìká yín lọ láìgun nǹkan. Ẹ wọ́n omi sójú ibi tí ẹ gé, oje á dá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gbìn wà níbi gbígbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú rẹ̀ fi dì, kí ẹ tó tì í bọlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní tútù sábà máa ń jẹrà. Èyí tí ẹ kò fẹ́, ẹ di í sínú àpò, kí ẹ kó o fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ náà máa ń ta ojú. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ pè wá gé e, ẹ sọ fún un kó tó mú àdá pé ọrọ́ ni.